Ọ̀rọ̀ Kan Nínú Lẹ́tà Bàbá Mi

Mo ṣì kéré nígbà náà, ẹ̀yin ọmọ mi, n kò tí ì pé ọmọ ọdún mẹ́wàá. Àdúgbò Kabawa ni à ń gbé ní Lọ́kọ́ja níbí. Bùnú ni bàbá mi ti wá, iṣẹ́ mẹ́sẹ́njà ni ó sì ń ṣe ní ọ́fíìsì kan. Kò kàwé. Èmi ni mo máa ń ka ìwé tó bá wọlé fún un.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì kan, ó mú lẹ́tà bọ̀ láti ibi iṣẹ́. Gẹ̀ẹ́sì inú rẹ̀ le, ṣùgbọ́n mo rí ọ̀rọ̀ kan tí mo mọ̀: dìsímíìsì. Ojoojúmọ́ ni olùkọ́ wa ń sọ ọ́ bí agogo bá ti lù, tí a ó sì sáré lọ sílé. Ni mo bá sọ fún bàbá mi pé wọ́n ní kí ó máa lọ sílé, kí ó padà wá lọ́jọ́ Ajé. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ṣé nítorí ìyẹn náà ni wọ́n ṣe ń kọ lẹ́tà.

Lọ́jọ́ Ajé, ó lọ aṣọ rẹ̀, ó lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì rẹ̀ ní ọ́fíìsì. Àwọn kan ń fi í rẹ́rìn-ín. Akọ̀wé àgbà kan, ará Igala, ni ó pè é sẹ́yìn ilé, tí ó là á yé e ní èdè Hausa pé wọ́n ti lé e lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n ní ó pa iṣẹ́ jẹ fún ọjọ́ mẹ́ta. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọ̀gá rẹ̀ ló rán an lọ sí Kàbà lọ́jọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Nígbà tí bàbá mi délé, ẹ̀yìn ìyá mi ni mo sá sí. Kò nà mí. Ó ní, "Ohun tí o mọ̀ ni o sọ. Ṣùgbọ́n bí o bá dé ibi tí kò yé ọ, sọ pé kò yé ọ."

Olùkọ́ mi bá a kọ èsì. Ọ̀gá náà ní òun kò rántí pé òun rán ẹnikẹ́ni níṣẹ́, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Iṣu ni bàbá mi gbìn lẹ́bàá òkè Patti títí ó fi darúgbó.

Èmi náà di taipísì ìjọba. Mo tẹ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ púpọ̀. Bí ẹni tó ni ín kò bá kàwé, mo máa ń fà á jókòó, kí n sọ ohun tó wà níbẹ̀ fún un kí ó tó mú un délé.

Lóde òní, orí fóònù ni irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ ń bá yín ní àdúgbò Lokongoma tí ẹ ń gbé, kò sì sí èyí tí kò yé yín níbẹ̀. Ọmọ-ọmọ mi kan ti pààrọ̀ iṣẹ́ lẹ́ẹ̀mẹrin. Ó bi mí lọ́sẹ̀ tó kọjá bí mo ṣe pẹ́ tó nídìí taipù. Mo ní ọdún márùndínlógójì. Ó rò pé àwàdà ni mò ń ṣe.