Funfun Ojú Ìyàwó Mi

Òórùn tápẹńtáìnì tí mo fi ń po ọ̀dà àti ti ìgbẹ́ adìyẹ ló máa ń wá sí mi nímú bí mo bá rántí ọlidé gígùn ọdún yẹn. Ẹ̀yìnkùlé wa ní Ìjẹ̀gùn ni òórùn méjèèjì ti ń pàdé, lábẹ́ páànù tí mo fi òpó mẹ́rin gbé dúró, tí mò ń pè ní ilé iṣẹ́ mi. A ṣẹ̀ṣẹ̀ kó kúrò ní Ìkòtún ni, nínú ilé tí èrò kún bámúbámú, a wá bá ara wa ní ìparí ọ̀nà tí ọ̀kadà pàápàá máa ń kọ̀ láti wọ̀ bí òjò bá rọ̀. Ilẹ̀ ibẹ̀ dúdú, ohunkóhun tí a bá sì sọ sí i ló ń hù. Ìwọ tí o mọ̀ mí láti ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ì bá rẹ́rìn-ín bí o bá rí mi nígbà náà: tíṣà àwòrán yíyà tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, tó ń ro ebè ẹ̀fọ́ láàárọ̀, tó ń yàwòrán títí dọ̀sán, tó tún ń lé adìyẹ wọlé nírọ̀lẹ́.

Ìyàwó mi ló ni oko náà ní tòótọ́. Ó gbin tẹ̀tẹ̀, ewúro, ilá àti àgbàdo. Èmi kàn ń ràn án lọ́wọ́ ni. Tíṣà ló ń pè mí láti ìgbà tí mo ti ń fẹ́ ẹ, kò sì yí i padà títí àwọn ọmọ fi dàgbà tí wọ́n lọ. Lọ́dún yẹn, gálárì kan ti gbà láti gbé iṣẹ́ mi kọ́ fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi. Àwòrán mẹ́wàá ni wọ́n fẹ́ kí ilé ìwé tó wọlé. Mo pinnu pé ìkẹwàá, èyí tí yóò tóbi jù, yóò jẹ́ ti ìyàwó mi lórí ìdúró láàárín ilá, pẹ̀lú ọkọ́ léjìká.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ló fi dúró fún mi, ní àràárọ̀. Mi ò jẹ́ kó jókòó. Bó bá gbé ọwọ́ láti nu òógùn, inú á bí mi, nítorí ìmọ́lẹ̀ ti yí kúrò níbi tí mo fẹ́ ẹ. Lọ́jọ́ kan ó ní ẹsẹ̀ òun ń gbọ̀n. Mo dá a lóhùn pé ilá tó dúró tì í kò ráhùn.

Ó rẹ́rìn-ín. “Ṣé ilá náà ló máa dáná alẹ́ fún yín, Tíṣà?”

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rù. Egungun ọrùn rẹ̀ yọ, inú mi sì dùn, torí pé òjìji ti rí ibi sinmi sí. Mo fi ọ̀bẹ họ ọrùn tí mo ti kùn tẹ́lẹ̀ kúrò, mo kun tuntun. Mo tilẹ̀ sọ fún un pé kó má wulẹ̀ jẹun yó jù kí iṣẹ́ náà tó parí. Mo rò pé àwàdà ni mò ń ṣe.

Òfin kan wà tí mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ ní kíláàsì: ohun tí ojú yín rí ni kí ẹ kùn, ẹ má kun ohun tí ẹ mọ̀. Ọmọ tó bá mọ̀ pé ẹyinjú ènìyàn funfun yóò kùn ún ní funfun bí ẹfun, àwòrán rẹ̀ yóò sì máa ranjú bí ère. Mo máa ń sọ fún wọn pé kò sí ẹyinjú ènìyàn tó funfun. Nítorí náà, nígbà tí mo ṣàkíyèsí ní ọ̀sẹ̀ kẹta pé funfun ojú ìyàwó mi kò funfun mọ́, ńṣe ni orí mi wú. Mo po ọ̀dà pupa rúsúrúsú mọ́ funfun, ẹ̀kán kan lẹ́yìn òmíràn, mo gbé ọ̀bẹ ọ̀dà súnmọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kí n fi wé e, títí ó fi bára mu. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, kò bára mu mọ́. Mo ní oòrùn ló yí. Mo fi rúsúrúsú kún un. Ìyá arúgbó èyíkéyìí ládùúgbò wa ì bá pe ohun náà ní orúkọ rẹ̀, ibà pọ́njú, ì bá sì lé wa lọ sí ilé ìwòsàn. Èmi pè é ní àwọ̀.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, wá láti Gowon Estate ní Sátidé kan láti já ewúro. Ìyàwó mi wà nínú ilé ìdáná. Ẹ̀yìnkùlé ni àbúrò rẹ̀ gbà wọlé, àwòrán ló sì kọ́kọ́ bá pàdé. Ó dúró níwájú rẹ̀ pẹ́. Mò ń retí kó yìn mí.

“Bùrọ̀dá, ṣé bí ojú wọn ṣe rí nìyí, àbí ẹ kàn fi ṣe ọ̀ṣọ́ ni?”

Mo fi ìgbéraga dáhùn pé bó ṣe rí gẹ́lẹ́ ni. Ó bi mí pé láti ìgbà wo. Mo ní ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Kò wo ojú mi mọ́. Ó sáré wọlé.

Ní ilé ìwòsàn, wọ́n rí i pé kókó kan ló ti dí ọ̀nà òróòro rẹ̀, tó sì ti ràn dé ẹ̀dọ̀. Dókítà béèrè ìgbà tí ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, nítorí ó ní bí a bá ti tètè wá, iṣẹ́ abẹ ì bá ṣeé ṣe. Mo purọ́. Mo ní a ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i ni. Àbúrò rẹ̀ wò mí, kò sì tíì tú àṣírí mi títí di òní.

Ní ọ̀sán kan, tí a kù ní àwa méjì létí bẹ́ẹ̀dì, ìyàwó mi sọ ọ́ fún mi, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, kò ní ìbínú nínú. Ì bá wù mí kó bínú.

“Mo máa ń rí bí ojú mi ṣe ń pọ́n nínú àwòrán yẹn, Tíṣà, bí mo bá ń lọ bu omi. Ẹ̀rù bà mí díẹ̀. Àmọ́ mo ní, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń wò mí látàárọ̀ dọ̀sán, bí nǹkan bá ń ṣe mí, ẹ̀ bá ti sọ.”

Kí ilé ìwé tó wọlé, a ti sin ín. Àwòrán mẹ́sàn-án ni mo kó fún gálárì. Àwọn tó wá kí mi ní kí n má dá ara mi lẹ́bi, pé kò sí bí mo ṣe lè mọ̀, pé ọkùnrin kì í rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Mo kàn ń mi orí ni. Mo rí i. Mo rí i ṣáájú gbogbo ayé, mo tilẹ̀ wọ̀n ọ́n ní ẹ̀kán ọ̀dà. Obìnrin náà fi ojú mi ṣe díńgí, ó dúró níwájú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún lórí ẹsẹ̀ tó ń gbọ̀n, ó ń dúró kó bá òun sọ̀rọ̀.