Ayùn Tí Ebi Ń Pa

Ọkọ àbúrò mi kì í ju ayùn nù. Ayùn ẹlẹ́ńjìnnì ni mò ń wí o, èyí tí àwọn agégi máa ń gbé wọ igbó, tí gbogbo àdúgbò á gbọ́ igbe ẹ̀. Bí èèyàn bá fẹ́ jókòó ní yàrá àlejò wọn, ó ní láti kọ́kọ́ gbé méjì kúrò lórí àga. Ọ̀kan wà lábẹ́ àtẹ̀gùn, òmíràn wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù tí àbúrò mi rà fún abọ́, àwọn tó kù sì tò sórí pákó lábẹ́ páànù tó wà lẹ́yìn kíṣìnnì. Kò sí èyí tó fi ń gégi jẹun nínú wọn, kò sì ta ọ̀kankan. Mo bi í léèrè nígbà kan pé kí ló fẹ́ fi wọ́n ṣe. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ̀yin ti ta máṣíìnì ìránṣọ yín ni?" Mi ò bi í mọ́.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n ìyàwó ẹ̀. Aránṣọ ni mí kí ojú mi tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, yàrá iwájú nínú ilé wọn ni mo sì ń gbé láti ìgbà tí ọkọ mi ti kú. Ohun tí mò ń sọ yìí kì í ṣe àgbọ́sọ.

Agégi ni òun náà láyé ọjọ́un, ní iléeṣẹ́ pákó kan, kí orúnkún ẹ̀ tó ní òun ò ṣe mọ́. Nígbà tó délé, tí àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ń gbé ọmọ-ọmọ jó, òun ń wá àlòkù ayùn kiri: èyí tó ti dípẹtà, èyí tí eku ti bímọ sínú ẹ̀, èyí tí ẹni tó ni ín ti fi ń ti ilẹ̀kùn. Yóò tú u palẹ̀ sórí aṣọ funfun, yóò fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àti bẹntiróòlù fọ eyín ṣéènì lọ́kọ̀ọ̀kan, yóò ha èédú ara púlọ́ọ̀gì kúrò, yóò pààrọ̀ okùn ìfà. Gbogbo ìyẹn, ẹni tó bá ní sùúrù lè ṣe é. Ibi tó le ni kábúrétọ̀. Ìdè kékeré kan wà lára ẹ̀ tí wọ́n fi ń dín bẹntiróòlù kù tàbí kí wọ́n fi kún un. Bó bá pọ̀ jù, ẹ́ńjìnnì á máa kùn, á máa rú èéfín. Bó bá kéré jù, ohùn ẹ̀ á tín-ín-rín, á lọ sókè, èèyàn á rò pé ó ń sáré dáadáa, àṣé ara ẹ̀ ló ń jó. Kó tó ṣẹ́jú, písítìnì inú ẹ̀ ti gan, ó parí. Èyí tó bá bára mu, á kùn díẹ̀ kó tó wọgi, bó bá sì wọgi, ohùn ẹ̀ á já gaara. Etí ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n. Ọkọ àbúrò mi a sì máa fọ́nnu pé òun ò nílò mítà kankan, pé etí òun ni mítà òun.

Ní ti àbúrò mi, ariwo yẹn ni orogún ẹ̀. Bó bá ń dáná tí ọkọ ẹ̀ fa okùn ayùn, yóò na ọrùn gba ojú fèrèsé kíṣìnnì. "Bàbá wọn, eléyìí ti yó jù o, ó ń gùnfẹ̀! Ẹ gba oúnjẹ lẹ́nu ẹ̀!" Lọ́jọ́ mìíràn, á ní, "Ebi ń pa tòní o! Ẹ fún un lóúnjẹ, kó yé sunkún sí mi létí!" Ọkọ á dáhùn látẹ̀yìnkùlé, "Ìyá wọn, wo ọbẹ̀ tó wà níwájú ẹ, ó ń jóná!" Látìgbà tí àwọn ọmọ wọn ti wà ní kékeré ni wọ́n ti ń bá ìyẹn bọ̀. Èébú ni gbogbo wa pè é.

Nígbà tó yá, ọkùnrin yìí bẹ̀rẹ̀ sí í hùwà tí kò yé mi. Mo pàdé ẹ̀ lọ́nà balùwẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo bi í pé ṣé ó sùn dáadáa, ó kọjá lára mi bí ẹni pé ògiri ló sọ̀rọ̀. Èmi, ẹ̀gbọ́n ìyàwó ẹ̀! Mo ní ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Mo bá a yan odì. Àbúrò mi pariwo èébú ẹ̀ látojú fèrèsé, kò rí ìdáhùn. Ó tún pariwo, ẹnikẹ́ni ò dá a lóhùn. Òun náà bá dákẹ́. Kò pẹ́ sí i tí ayùn kan fi jó mọ́ ọkọ ẹ̀ lọ́wọ́, òmíràn sì tẹ̀ lé e. Ó ní àdàlú ọ́ìlì ni wọ́n tà fún òun. A gbà bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ló rí ayùn àkọ́kọ́ tó lò láyé ẹ̀, ní ọgbà tí wọ́n ti ń ta irin àjákù. Wáyà tí òun fúnra ẹ̀ fi di ọwọ́ ayùn náà tó sán ṣì wà lára ẹ̀. Ó gbé e lé itan nínú ọkọ̀ títí dé ilé. Gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn ló fi tún un ṣe. Písítìnì ẹ̀ ṣì dára, ṣùgbọ́n kò sí ibi tí wọ́n ti ń ṣe irú ẹ̀ mọ́. Bó bá jó, ó jó náà nìyẹn. Ó sọ ọ́ fún wa nídìí tábìlì oúnjẹ, àwo ẹ̀ ló tẹjú mọ́: "Tí eléyìí náà bá bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́, mò ń kó gbogbo wọn fún onírin àjákù. Ọwọ́ mi ti kúrò nínú iṣẹ́ yìí nìyẹn." Mo rò pé inú àbúrò mi á dùn, torí ó ti pẹ́ tó ti ń retí kọ́bọ́ọ̀dù ẹ̀. Ṣe ló gbé ṣíbí sílẹ̀, kò jẹun mọ́.

Ọ̀sán Sátidé ló gbé ayùn náà jáde. Àbúrò mi ń fọ abọ́ ní kíṣìnnì, èmi ń bá a nù ún. A rí i látojú fèrèsé bó ṣe gbé e sórí kùkùté, tó fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, tó fa okùn. Kò dáhùn. Ó tún fà á. Ó húkọ́, ó rú èéfín, ó jí. Mi ò ní parọ́, orí mi wú. Ó mú sukudiráfà, ó ń yí ìdè kábúrétọ̀ díẹ̀díẹ̀, ó tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bó ṣe máa ń ṣe. Ohùn ẹ́ńjìnnì ń gòkè. Ó tún yí i. Ó tún gòkè.

Ọwọ́ àbúrò mi dúró nínú omi. "Ẹ̀gbọ́n mi, ebi ń pa á," ó wí fún mi. Ló bá na ọrùn gba ojú fèrèsé: "Bàbá wọn! Ebi ń pa á o! Ẹ dá a padà!" Ọkọ ẹ̀ ò mira. Ó tún mú sukudiráfà sún mọ́ ìdè náà, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Mi ò mọ ìgbà tí àbúrò mi dé ẹ̀yìnkùlé. Ọṣẹ ń kán lọ́wọ́ ẹ̀. Ó fa ẹ̀wù ọkọ ẹ̀ lẹ́yìn, ìyẹn yíjú padà pẹ̀lú ìbínú, ó sì rí ojú ìyàwó ẹ̀. Àbúrò mi fi ọwọ́ ọlọ́ṣẹ ṣàpèjúwe pé kó yí i sápá òsì. Ó yí i. Ohùn rọ̀ díẹ̀. Ó ní kó tún yí i sí i, ó tún yí i. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í kùn díẹ̀, àbúrò mi gbé àtẹ́lẹwọ́ sókè pé ó tó. Ọkọ ẹ̀ ki ayùn bọ igi. Bó ṣe ń wọnú igi, ohùn ẹ̀ já gaara. Àbúrò mi mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, ọkọ ẹ̀ sì pa ẹ́ńjìnnì.

"Ìgbà wo lo ti mọ̀ pé etí mi ò gbọ́ mọ́?"

Àbúrò mi dojú kọ ọ́ kó tó dáhùn. "Ìgbà tí ayùn kejì jó. Ṣáájú ìyẹn, mo rò pé mo ti sú yín ni. Mo ń bú yín, ẹ ò bú mi padà."

"Kí ló dé tí o ò sọ?"

"Mo ń retí kí ẹ fẹnu ara yín sọ ọ́."

Ọkùnrin náà wo ayùn tó wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀. "Ẹ̀rù ló bà mí. Bí etí bá lọ, kí ló kù tí mo mọ̀ ọ́n ṣe?"

Àbúrò mi fi ẹ̀wù ọkọ ẹ̀ nu ọṣẹ ọwọ́ ẹ̀, iwájú àti ẹ̀yìn. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Ti àwọn méjì yìí, wọ́n jọ dákẹ́ ni.

Wọ́n ti lọ yẹ etí náà wò. Ariwo ayùn ló jẹ ẹ́, èyí tó lọ kò sì ní padà. Èmi náà ti tú odì mi ká. Bí mo bá fẹ́ kí i, mo máa ń fọwọ́ kàn án léjìká. Kọ́bọ́ọ̀dù kò tíì bọ́ lọ́wọ́ ayùn. Àga kíṣìnnì kan ti wà lábẹ́ páànù báyìí, àbúrò mi ló ń jókòó sí i, tó ń bú ọkọ ẹ̀ lójúkojú. Bí ọkọ ẹ̀ bá sì ń yí ìdè yẹn, kì í wo ẹ́ńjìnnì mọ́. Ẹnu ìyàwó ẹ̀ ló máa ń wò.