Ẹni Tó Dá Bàbá Àáfáà Lóhùn

Bàbá Àáfáà ti kírun àsùbáà tán nígbà tí mo gbé àpótí jáde ní yàrá mi. Òun ni onílé wa ní Ìlọrin. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé kéwú rẹ̀ ni èmi, ọmọ Ọ̀mù-Àrán, onígbàgbọ́ paraku, tíṣà ilé ìwé, ti gba yàrá láti ìgbà tí wọ́n ti gbé mi wá sí ìlú náà. Ó jókòó sórí awọ àgùntàn rẹ̀, ó ń fa tẹ̀sùbáà, ó sì ń wo àpótí ọwọ́ mi.

"Tíṣà, ṣé inú ibẹ̀ yẹn ni mo wà?"

"Inú ibẹ̀ lẹ wà, Bàbá."

"Àmánà ni o. Má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n ó gé sàlámù mi. Ọlọ́un á mú ọ lọ, á mú ọ bọ̀."

Ẹ̀yin ará ilé l'Ọ́mù-Àrán tí mo ń kọ èyí fún, àmánà ni ohun tí ènìyàn fi sí ọ lọ́wọ́, tí o gbọ́dọ̀ tọ́jú bí o ṣe gbà á. Mo kúnlẹ̀, mo ṣe àmín, mo gbéra. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wúwo ju àpótí lọ.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Èmi àti Rájí, ọ̀rẹ́ mi tó ń ya fọ́tò ní ọ́fíìsì ìjọba kan ní GRA, la kó gbogbo ohun tí a ní jọ, tí a fi ṣe fíìmù kan. Ìtàn tẹ̀gbọ́n tàbúrò tó ń jà nítorí ilé bàbá wọn ni. A kò lágbára òṣèré, àwọn ará agboolé la bẹ̀. Bàbá Àáfáà ló ṣe àgbà tó wá parí ìjà. Àwọn kan kùn pé kí ni àáfáà ń wá nínú sinimá. Bàbá ní ẹsẹ̀ òun kò lè gbé òun dé Ọ̀yọ́ mọ́, bí sàlámù òun bá lè bá òun dé ibẹ̀, òun ti jèrè.

Ibi sàlámù yìí gan-an ni wàhálà wà. Nínú fíìmù, Bàbá wọ àgbàlá tí àwọn méjèèjì ti ń jà, ó ní, "Àsàlámù aléékùm." Inú ń bí àwọn tó ń jà, nítorí náà wọn kò gbọdọ̀ dáhùn. Ṣùgbọ́n bí Bàbá bá ti kí báyìí, gbogbo èrò tó wà lẹ́yìn kámẹ́rà á hó lẹ́ẹ̀kan náà: "Wàaléékùm sàlámù!" Rájí tó di kámẹ́rà mú ló burú jù. Mo bínú sí i títí.

"Tíṣà," ló wí, "àgbà kí mi, sàlámù sì ni! Kí n wá ya odi?"

A tún un ṣe, wọ́n tún dáhùn. Fíìmù inú kámẹ́rà sì wọ́n bí imí eégún. Nígbà tó yá, a fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá wo fíìmù wa fi ń gbọ́ ohùn èrò rẹpẹtẹ tí kò rí ojú wọn.

Fíìmù ti parí wàyí, ẹ̀dà kan ṣoṣo la sì ní. Ó ku ẹni tí yóò gbé e dé iwájú èrò. Dísíríbútọ̀ ni wọ́n ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀. Yóò gba fíìmù lọ́wọ́ ẹni tó ṣe é, yóò máa gbé e láti gbọ̀ngàn kan dé òmíràn, wọn á sì jọ pín èrè. Yíyan dísíríbútọ̀ kò yàtọ̀ sí yíyan ọkọ fún ọmọ: bí o bá ṣì í yàn, ọmọ ni yóò jìyà rẹ̀. Ẹni méjì ni wọ́n júwe fún wa, ọ̀kan l'Ékòó, ọ̀kan n'Íbàdàn. Rájí kò ráyè kúrò níbi iṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ìrìn àjò di tèmi.

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù Táíwò Road ṣì wà ní títì bí mo ṣe ń kọjá lọ sí gáréèjì. Pijó kan ń wá èrò Èkó. Bí dírẹ́bà ti rí àpótí mi, ó na ọwọ́ sí i.

"Àǹtí, ẹ jẹ́ n so ó mọ́ orí mọ́tò."

"Rárá o, oòrùn ò gbọdọ̀ pa á."

"Kí ló wà níbẹ̀? Ṣé wàrà ni?"

"Fíìmù ni."

Ó wò mí látòkè délẹ̀. "Ẹ̀yin obìnrin Ìlọrin yìí! Ẹ gbé e lé ẹsẹ̀, ẹ jàre. Tẹ́ ẹ bá dé Èkó tí ẹsẹ̀ ò gbéra mọ́, ẹ má pariwo lé mi lórí o."

Mi ò sọ fún un pé ọmọ Ọ̀mù-Àrán ni mí. Inú mi tilẹ̀ dùn pé ó kà mí mọ́ wọn.

Náírà mẹ́rin ni wọ́n gbà lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Náírà kò tíì pẹ́ lóde, ìyá àgbà tó jókòó tì mí sì ṣì ń pè é ní pọ́n-ùn méjì, ó ń mí kanlẹ̀. Ọ̀dà ojú títì dán títí dé Ògbómọ̀ṣọ́. Níbẹ̀ ni a ti ra máńgòrò, ìyá àgbà bó ọ̀kan fún mi tìfẹ́tìfẹ́ nítorí ọwọ́ mi kò kúrò lára àpótí. Lẹ́yìn Ọ̀yọ́, kòtò bẹ̀rẹ̀. Bí mọ́tò bá fò, èmi náà á gbé àpótí sókè, bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Mo rí òrùlé páànù Ìbàdàn bí a ṣe ń kọjá, mo ní, "Ó dìgbà tí mo bá ń bọ̀."

Ọ̀sán ti pọ́n kí a tó dé Èkó. Àwọn èrò inú bọ́ọ̀sì níbẹ̀ ní ọ̀rọ̀ kan tí mi ò gbọ́ rí. Bí ẹnì kan bá fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, á kígbe, "Ó wà o!" Mo rò pé nǹkan kan ló sọnù tí wọ́n rí. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta ló gbà mí sílé. Ó fi búrẹ́dì àti ẹ̀wà agànyìn pàdé mi. Agànyìn ni wọ́n ń pe àwọn àjèjì tó wá láti ìhà Gáńà, àwọn ni wọ́n ń se ẹ̀wà náà rọ̀ bí ẹ̀kọ, tí ata dúdú á wà lórí rẹ̀. Kọ́bọ̀ mẹ́wàá ló rà á, ó yó àwa méjèèjì. Ó fi bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ fún mi, òun sùn sórí ẹní. Títí di òní mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun kan ṣá ni mi ò lè gbà ní Èkó. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo pàdé ọkùnrin kan lórí àtẹ̀gùn, mo ní, "Ẹ kú àárọ̀ sà, ṣé dáadáa la jí?" Kí n tó parí rẹ̀, ó ti dé ìsàlẹ̀. Ní Ìlọrin, a óò ti béèrè ìyá, ìyàwó, ọmọ àti iṣẹ́ kí ẹsẹ̀ tó gbéra.

Ọ̀gá dísíríbútọ̀ Èkó kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó fún mi ní mínírà tútù, ó wo fíìmù náà tán nínú yàrá kékeré kan, ó sì yin Rájí pé ó mọ kámẹ́rà lò. Ṣùgbọ́n nígbà tí Bàbá wọlé tó ní "Àsàlámù aléékùm," tí ohùn èrò dáhùn, ọ̀gá yí ojú sí mi.

"Ta ni àwọn wọ̀nyẹn?"

"Àwọn tó dúró wò wá ni, sà."

"Àṣìṣe nìyẹn. Gé e kúrò. Kí a kàn bá Bàbá ní ìjókòó. Èrò sinimá, ìjà ni wọ́n ń sanwó wò, wọn kì í sanwó wo ìkíni."

Ó ní bí mo bá gbà, ilé sinimá tó pọ̀ ni yóò gbé e lọ lóṣù tó ń bọ̀, òun yóò sì san díẹ̀ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Owó yẹn ìbá mú èmi àti Rájí bọ́ lọ́wọ́ ìyà. Mo ní kó jẹ́ kí n rò ó. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Kí lo tún ń rò? Ìkíni lásán!" Ẹ̀rù bà mí pé òótọ́ ló sọ. Bí n kò bá gbà, tí ará Ìbàdàn náà bá kọ̀, fíìmù wa yóò kú sínú àpótí, sàlámù Bàbá yóò sì kú sínú rẹ̀.

Ìdààmú ọkàn ni mo bá dé Ìbàdàn. Alhaja opó kan ni mo bá níbẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ló fi mọ́tò kan, ẹ̀rọ sinimá àti ẹ̀rọ iná sílẹ̀ fún un, òun náà sì ń gbé fíìmù láti ìlú dé ìlú, ní gbọ̀ngàn ìlú àti ilé ìwé. Kò ní ọ́fíìsì. Ó ní kí wọ́n ta aṣọ sójú fèrèsé pálọ̀, kí wọ́n na aṣọ funfun sára ògiri. Àwọn ìyàwó ọmọ rẹ̀, dírẹ́bà rẹ̀ àti aládùúgbò jókòó sílẹ̀. Alhaja ń bó ọsàn.

Ìjà bẹ̀rẹ̀ nínú fíìmù, wọ́n ń pòṣé. Nígbà náà ni Bàbá wọlé pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀.

"Àsàlámù aléékùm."

"Wàaléékùm sàlámù!" Ohùn inú fíìmù hó, ti inú pálọ̀ hó pẹ̀lú rẹ̀, a kò mọ èyí tó ṣáájú. Alhaja dáhùn, ọ̀bẹ ọsàn lọ́wọ́. Èmi pàápàá, mo gbọ́ ohùn ara mi láàárín wọn.

Alhaja bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ gbà mí o! Mo dá ògiri lóhùn! Tíṣà, àwọn wo ló tún ń dáhùn tí a ò rí wọn yẹn?"

Mo yára dá a lóhùn. "Àwọn ará agboolé ni, Alhaja. Àṣìṣe ni. A lè gé e..."

"Gé kí ni? Kí Bàbá àgbà kíni, kí gbogbo ayé wá máa wò ó níran? Ibi tí mo bá gbé fíìmù yìí lọ, wọ́n á dáhùn. Má fọwọ́ kan ibẹ̀ yẹn."

Ó sọ fún mi láìfi nǹkan kan pamọ́ pé òun kò ní owó tí òun yóò san sílẹ̀, pé ọ̀nà yóò pẹ́, pé èrè á máa wọlé díẹ̀díẹ̀. Rájí lè tẹ̀ lé mọ́tò náà nígbà tó bá gba ìsinmi. Mo ronú kan owó Èkó, mi ò ní purọ́. Lẹ́yìn náà mo gbé àpótí kúrò lórí ẹsẹ̀ mi, mo gbé e lé ẹsẹ̀ Alhaja. Ó fi ọsàn tó bó lé mi lọ́wọ́. Omijé ọpẹ́ bọ́ lójú mi níwájú gbogbo wọn.

Bí mo ṣe ń padà sílé, kò sí nǹkan kan lórí ẹsẹ̀ mi, ọwọ́ mi kò mọ ibi tó máa wà. Mo rò ó pé ohun tí mo kà sí àṣìṣe, tí mo bínú sí Rájí lé lórí, òun ló yan ẹni tó tọ́ fún wa. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ dírẹ́bà tí kò so àpótí mọ́ orí mọ́tò, lọ́wọ́ ìyá àgbà tó bó máńgòrò fún mi, lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi. Mo tilẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá Èkó, nítorí òun ló jẹ́ kí n mọ ohun tí mi ò lè gbà kí wọ́n gé.

Oòrùn ń wọ̀ nígbà tí mo dé agboolé. Bàbá wà lórí awọ àgùntàn rẹ̀. Láti ọdún tí mo ti ń gbébẹ̀, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Bàbá" ni mo máa ń wí. Lọ́jọ́ náà, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ní, "Àsàlámù aléékùm."

Ó dáhùn ní kíkún, ó sì wo ọwọ́ mi tó ṣófo.

"Mo ti fi lé Alhaja kan lọ́wọ́ n'Íbàdàn, Bàbá."

Kò béèrè ohun tí Alhaja máa san. "Ó wò mí?"

"Ó wò yín."

"Mo kí i?"

"Ẹ kí i, Bàbá."

Ó dá tẹ̀sùbáà dúró. "Ṣé ó dáhùn?"

"Ó dáhùn. Gbogbo ilé ló dáhùn."

Bàbá na ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì tó ń dùn ún síwájú, ó rọra fi ọwọ́ pa wọ́n.

"Alihamudulilaahi," ló wí. "Mo ti dé Ìbàdàn nìyẹn."