Píjò Búlúù Onílẹ̀kùn Kírímù

Mo rántí ìgbà tí òórùn tínà, omi tí wọ́n fi ń la ọ̀dà mọ́tò, kì í kúrò lára ìrọ̀rí wa. Máfólúkù ni a ń gbé nígbà náà, èmi àti ọkọ mi, nínú yàrá kan ṣoṣo tí ọkọ̀ òfúrufú ń gba orí rẹ̀ kọjá bí ẹni pé ó fẹ́ bọ́ sínú ìkòkò ọbẹ̀. Owó epo rọ̀bì ti dé, Èkó kún fún mọ́tò, ẹni tí apá rẹ̀ kò sì ká tuntun a ra àlòkù, a gbé e wá fún ọkọ mi kó bá òun tún ọ̀dà rẹ̀ kùn. Abẹ́ páànù kan lẹ́bàá ọ̀nà ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà. Láti ibẹ̀ títí dé Bọ́ládé, kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ní pẹ́ńtà gidi.

Ohun tí wọn kò mọ̀ ni pé ọkọ mi kò mọ àwọ̀ pò. Ọwọ́ rẹ̀ dára. Bó bá fọ́n ọ̀dà sára irin, á máa dán bí omi. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò mọ ìyàtọ̀ àwọ̀ kan sí èkejì. Èmi tí mo ń ta aṣọ àti òwú ní ọjà Aswani ni mo ń bá a pò ó. Mọ́tò àgbà kì í gba ọ̀dà inú agolo bó ṣe wà, nítorí oòrùn ti jẹ ẹ́ lára. Ẹ ó kán dúdú díẹ̀ sí i, ẹ ó kán funfun díẹ̀, ẹ ó fi kun ojú páànù kékeré, ẹ ó dúró kó gbẹ, ẹ ó wá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò lójú oòrùn. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ni mo ti máa ń ṣe é, kí oníbàárà má baà rí obìnrin nídìí ọ̀dà. Bí oníbàárà bá bèèrè ẹni tó po àwọ̀ tó bára mu tó báyìí, ọkọ mi á gbá àyà, á ní, "Èmi ni." Inú máa ń bí mi! Ọ̀dọ́mọdé ìyàwó ni mí nígbà náà, mo mọ ẹ̀bùn ara mi ju bó ti yẹ lọ, lójú mi, ògo mi ni ọkọ mi ń jí gbé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, àwọn ọkùnrin méjì gbé mọ́tò Píjò kan wá. Búlúù ni gbogbo ara rẹ̀, àfi ilẹ̀kùn dírẹ́bà tó jẹ́ kírímù. Pọ́tì tí àwọn tó ń lu bọ́dì mọ́tò fi ń dí ihò wà lójú ilẹ̀kùn náà níbi mẹ́ta, roboto roboto. Èyí tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun nínú wọn ló ń sọ̀rọ̀. Ohùn rẹ̀ tutù, ó sì ń bọ̀wọ̀ fún ọkọ mi bí ọmọ tó gba ẹ̀kọ́ ilé. Ó ní màlúù ló kan ilẹ̀kùn àkọ́kọ́ bàjẹ́, òun wá ra èyí lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta àlòkù. Ó fẹ́ kó bá ìyókù mu débi tí ẹnikẹ́ni kò fi ní dá a mọ̀, òun yóò sì padà wá nírọ̀lẹ́. Ẹnì kejì kò bá a lọ. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì wa, ó ń wò wá, kò jẹ, kò mu.

Bí mo bá fẹ́ po àwọ̀, mo máa ń ṣí búùtù, kí n gbé rọ́bà etí rẹ̀ sókè, kí n rí bí ọ̀dà náà ṣe rí kí oòrùn tó jẹ ẹ́. Mo gbé e. Kì í ṣe búlúù ni mo rí. Kírímù ni, kírímù ilẹ̀kùn yẹn gan-an. Ọkùnrin náà ti parọ́: mọ́tò náà ló ni ilẹ̀kùn rẹ̀. Wọ́n ti kun gbogbo ìyókù dà nígbà tí ilẹ̀kùn ṣì wà lọ́dọ̀ ẹni tó ń dí ihò rẹ̀. Mo tún wo pọ́tì mẹ́ta yẹn, mo sì rántí pé màlúù kì í ní ìwo mẹ́ta: ihò ọta ìbọn ni wọ́n fi dí.

Mo pe ọkọ mi sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, mo sọ ọ́ fún un wúyẹ́wúyẹ́. Ó kọ́kọ́ fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìyàwó, aṣọ lò ń tà, o kì í ṣe ọlọ́pàá." Lẹ́yìn náà ó yọjú wo ẹni orí bẹ́ǹṣì. Ní àkókò yẹn, ńṣe ni ìjọba ń so adigunjalè mọ́ igi, tí wọ́n ń yìnbọn pa wọ́n ní gbangba, tí àwọn èèyàn ń lọ wòran. Bí a bá kun mọ́tò yìí, a ti bá wọn lọ́wọ́ sí i. Bí a bá kọ̀, ẹni tó wà lórí bẹ́ǹṣì kò ní gbà. Mo ní ká gba ẹ̀yìnkùlé sá lọ.

"Pẹ̀lú oyún inú ẹ yìí? Bá mi pò ó. Kí wọ́n gbé mọ́tò wọn, kí wọ́n máa lọ."

Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Mo pò ó. Ẹ̀rù ń bà mí, síbẹ̀ n kò lè pò ó ní ìpòkupò. Ẹ ò rí ìgbéraga bí! Nígbà tí ilẹ̀kùn náà gbẹ, èmi gan-an kò mọ̀ ọ́n yàtọ̀ mọ́.

Oníṣẹ́ẹ̀tì funfun padà dé kí oòrùn tó wọ̀. Ó yí mọ́tò náà po, ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa ilẹ̀kùn lára, ó rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́.

"Ọ̀gá, ẹ sabí iṣẹ́ o. Ta ló po àwọ̀ yìí?"

Mo ti jáde síwájú ṣọ́ọ̀bù. Ìyìn ń bọ̀, mo sì fẹ́ gbọ́ ọ. Bí mo ṣe gọ̀ tó nìyẹn. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ètè mi. Ọkọ mi kò wẹ̀yìn. Ó gbá àyà bó ṣe máa ń ṣe, ó ní, "Èmi ni."

"Ó dáa. Òmíràn wà nílé wa tó ń fẹ́ irú ọwọ́ báyìí. Ẹ jẹ́ ká jọ lọ."

Ọkọ mi ní kí wọ́n jẹ́ kó di ọ̀la. Ẹni orí bẹ́ǹṣì dìde dúró. Ọkọ mi bá kó àwọn agolo rẹ̀, ó wọ ẹ̀yìn mọ́tò, ó ní kí n má jẹ́ kí ọbẹ̀ jóná. Wọ́n dorí kọ ọ̀nà Ìsọlọ̀, n kò sì fojú kàn án mọ́. Mo wá a dé ọsibítù, mo wá a dé ibi tí wọ́n ń tọ́jú òkú sí. Ní àgọ́ ọlọ́pàá, wọ́n bi mí pé ọjọ́ wo ni ọkọ mi ti ń bá olè ṣiṣẹ́.

Ọmọ tó wà nínú mi nígbà náà ti ní ọmọ báyìí. Bí àwọn àgbà Máfólúkù tó ṣẹ́kù bá rí ọmọ mi yìí, wọ́n á ní bàbá rẹ̀ ló mọ àwọ̀ pò jù ní gbogbo àdúgbò, èmi náà á sì ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ti fún un ní ògo náà pátápátá, kó máa jẹ ẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n bí mo bá jókòó lémi nìkan, mo máa ń rí ọkọ mi níwájú mọ́tò kejì tí wọ́n ní ó wà nílé wọn yẹn, láìsí ojú mi níbẹ̀, tó ń kán dúdú sí i, tó ń kán funfun sí i, tí àwọn ọkùnrin méjèèjì dúró tì í, tí wọ́n ń retí kó gbẹ.