Ìdí Páànù Tí Mo Dà Nù ní Jẹ́dà

Èmi ni mo da ibi tó dùn jù nínú oúnjẹ àlejò sínú garawa ìdọ̀tí. Kò sẹ́ni tó tì mí. Ọwọ́ ara mi ni mo fi há a kúrò, mo sì rò pé ọgbọ́n ni mo ń gbọ́n.

Ìgbà tí owó epo ń ṣàn ní Sáúdí ni. Èmi àti àwọn ará ìlú mi la jọ lọ ṣe Hájì, àwọn yòókù padà sílé, èmi jókòó sí àdúgbò Kakíyà ní Mẹ́kà, láìní ìkámà, ìyẹn ìwé ìgbélùú. Nígbà tó yá, mo ríṣẹ́ ní Jẹ́dà, ní ilé oúnjẹ kan tí kò jìnnà sí èbúté. Mò ń fọ ìkòkò, mò ń bó edé. Ẹ̀rù ọlọ́pàá bà mí débi pé mo sá sẹ́yìn àpò ìrẹsì lọ́jọ́ kan nítorí ẹni tó wá ka mítà iná.

Ará Mòrókò ni ọ̀gá tó ń dáná. Múálímù là ń pè é, bí wọ́n ti ń pe ọ̀gá oníṣẹ́ níbẹ̀. Ó ti ṣiṣẹ́ ní Sípéènì rí, ibẹ̀ ló ti kọ́ pàẹ́yà: ìrẹsì tí wọ́n ń fi edé, ìṣáwùrú àti ẹja sè nínú páànù tó fẹ̀ pẹrẹsẹ bí àtẹ. Wọn kì í dé e, wọn kì í rò ó, páànù náà ni wọ́n sì ń gbé síwájú oníbàárà. Ẹ̀yìn ni èmi máa ń wà. Páànù tó bá padà sọ́dọ̀ mi, wọ́n ti há ìdí rẹ̀ mọ́ tónítóní. Mo kàn rò pé ebi ń pa àwọn èèyàn náà ni.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, Dókítà kan, ọmọ Ìjẹ̀bú tó ń ṣiṣẹ́ ní ìlú náà, mú Àlàájà ìyàwó rẹ̀ wá jẹun. Wọ́n ti rìnrìn àjò dé Sípéènì, wọ́n sì mọ ohun tí wọ́n ń bèèrè. Múálímù ní kí n ṣọ́ iná, òun fẹ́ lọ gba ẹja lẹ́yìnkùlé. Kò pẹ́ tí ìdí páànù bẹ̀rẹ̀ sí í ta ṣáṣá, òórùn jíjó dé. Mo ti rí ara mi nínú bàálù tí wọ́n fi ń dá èèyàn padà sílé. Mo bu òkè ìrẹsì sínú àwo funfun, mo to edé lé e, mo há ìdí rẹ̀ dà nù, mo gbé àwo wọlé sẹ́yìn aṣọ títa tí àwọn ẹbí ń jókòó sí.

Àlàájà wo àwo náà. "Dókítà, ẹ wò ó. Wọ́n ti bọ́ ṣòkòtò ìrẹsì yìí."

"Ẹ má bínú, mà," ni mo wí, kí n tó rántí pé ó yẹ kí n dákẹ́.

"Ọmọ ilé ni ọ́? Ìdí páànù dà?"

"Ó jóná, mà. Mo dà á nù."

"O dà á nù, àbí o jẹ ẹ́?"

"Mo dà á nù, mà."

"Ì bá sàn kó o jẹ ẹ́. Torí ẹ̀ la ṣe wá."

Ibẹ̀ ni Múálímù bá wa. Dókítà fi Lárúbáwá ṣàlàyé fún un. Ó lọ wo páànù, ó wo garawa, ó padà wá. "Kó ẹrù ẹ," ló sọ fún mi, láìpariwo.

Àlàájà ló gbẹ́nu lé e: "Dókítà, ẹ bá mi sọ fún un pé ọmọ yìí kì í ṣe aláìmọ̀kan. Nílé wa, a kì í gbé ìdí ìkòkò fún àlejò. Onílé ló ń jẹ ẹ́."

Dókítà túmọ̀ rẹ̀. Múálímù ní kí n gbé páànù wá. Ó fi èékánná ṣí díẹ̀ tó ṣẹ́kù létí rẹ̀, ó jẹ ẹ́.

"Kò jóná, bó ṣe yẹ kó gbẹ ló gbẹ," ló wí. "Láti òní lọ, ìwọ ni kó o máa ṣọ́ iná. Ẹni tí ẹ̀rù ìdí páànù bà tó báyìí kò ní jẹ́ kó di èédú láéláé."