Níwájú Fèrèsé Màmá ní Ọ̀kà

Nígbà tí kòrónà dé, òṣìṣẹ́ ìlera ni mí ní Ìkàrẹ́. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni mí, iṣẹ́ ló gbé mi débẹ̀. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ni mo máa ń fún àwọn ọmọdé, mo sì máa ń yẹ aláboyún wò. Láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè kan, ọ̀gá wa pè wá jọ sábẹ́ igi máńgòrò, ó ní àjọ ìlera fẹ́ ká máa lọ láti àdúgbò dé àdúgbò, ká máa kọ́ àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe máa dáàbò bo ara wọn. Ọ̀kà ni wọ́n fún èmi àti awakọ̀ kan. Wọ́n kó ọṣẹ fún wa, pẹ̀lú ìbòmú àǹkárá tí àwọn télọ̀ rán, àti gbohùngbohùn kan tó máa ń han bí mo bá gbé e sún mọ́ ẹnu jù.

Inú mi dùn lọ́jọ́ yẹn, mi ò ní purọ́. Mo gbà pé bí èèyàn bá ṣáà ti gbọ́ ohun tó yẹ kó ṣe, á ṣe é, kò sì ní kú.

Ọkọ̀ ò lè gun ọ̀pọ̀ ibi ní Ọ̀kà, àárín àpáta làwọn ilé kan wà. Awakọ̀ á dúró sísàlẹ̀, èmi á fẹsẹ̀ gùn ún. Ilé tó kẹ́yìn lójú ọ̀nà kan ni mo ti bá màmá kan tí wọ́n ń ṣa ẹ̀wà lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún. Tíṣà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, ọkọ wọn ti kú, àwọn ọmọ wọn wà ní Èkó àti Àbújá, kónílé-ó-gbélé ò sì jẹ́ kí èyíkéyìí lè wálé. Mo gbé gbohùngbohùn sẹ́nu. Wọ́n ní kí n gbé e sílẹ̀, etí àwọn ò di.

Mo fi bí a ṣe ń fọwọ́ hàn wọ́n. Wọ́n wò mí dé òpin, bí ìgbà tí wọ́n ń wo ọmọ kíláàsì wọn tó ń ka ìwé sókè. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bi mí pé, “Omi tí ẹ ní ká máa fi fọ̀ ọ́ nígbà gbogbo yìí, ṣé ẹ gbé e dání?”

Mo rẹ́rìn-ín. Àwọn ò rẹ́rìn-ín. Kẹ́ẹ̀gì méjì ni aládùúgbò wọn kan, obìnrin tó ń ṣe gàrí, máa ń bá wọn pọn láti ìsàlẹ̀ lọ́jọ́ méjì-méjì. Inú ẹ̀ ni wọ́n ti ń mu, inú ẹ̀ ni wọ́n ti ń sè, inú ẹ̀ ni wọ́n ti ń wẹ̀. Mo kọ ọ̀rọ̀ omi náà sínú ìròyìn tí mo fún ọ̀gá. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo tún un kọ. Ọṣẹ ni wọ́n tún kó fún wa.

Lọ́sẹ̀ kẹta, mi ò bá màmá níta. Obìnrin tó ń ṣe gàrí náà sọ fún mi pé àtọjọ́ Sọ́ńdè ni wọ́n ti ń wúkọ́. Mo lọ sẹ́nu fèrèsé. Orí bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n wà, èémí wọn ń já.

“Ẹ má wọlé o,” ni wọ́n wí. “Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ wa bẹ́ẹ̀.”

Mo pe nọ́ńbà àjọ ìlera ní Àkúrẹ́ tí wọ́n fún wa. Ẹni tó gbé e ní wọ́n máa rán ọkọ̀ wá gbé wọn, wọ́n á sì ṣàyẹ̀wò fún wọn. Mo pe ilé ìwòsàn ní Ìkàrẹ́, wọ́n ní láìsí èsì àyẹ̀wò, àwọn ò lè gbà wọ́n sáàárín àwọn aláìsàn yòókù. Mo bẹ awakọ̀ wa pé kó bá wa gbé wọn. Ó ní òun ní ọmọ mẹ́ta nílé. Mi ò bá a jà, torí ẹ̀rù ń ba èmi náà. Ìbọ̀wọ́ àti ìbòmú aláṣọ nìkan ni mo ní.

Ojoojúmọ́ ni mo ń lọ. Mo máa ń na oògùn ibà sí wọn láàárín irin fèrèsé. Obìnrin gàrí náà máa ń gbé ògì gbígbóná sẹ́nu ilẹ̀kùn, á sì sún sẹ́yìn. Mo ń pe Àkúrẹ́, wọ́n á tún béèrè ọjọ́ orí wọn, bíi pé mi ò tíì sọ ọ́ rí.

Lọ́jọ́ kẹta, màmá bi mí pé, “Nọ́ọ̀sì, ṣé ọ̀nà ló jìn ni, àbí èmi ni wọn ò rí?”

Mo ní ọkọ̀ ti wà lọ́nà. Irọ́ ni mo pa.

Lọ́jọ́ kẹrin, wọn ò fi Yorùbá tó yé mi bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Èdè Ọ̀kà ni wọ́n ń sọ, ohùn wọn lọlẹ̀, wọ́n sì ń sọ ọ́ bí ẹni tó ń ránni níṣẹ́. Mo gbọ́ “ọmọ”. Mo gbọ́ “ilé”. Mo wò yíká bóyá mo máa rí ẹni tó lè túmọ̀ rẹ̀ fún mi, àmọ́ obìnrin gàrí ti lọ sóko. Mo ń dáhùn “ẹ̀n-ẹ́n, Mà”, mi ò sì mọ ohun tí mo ń gbà sí.

Wọ́n kú kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́. Ọ̀sán ọjọ́ náà ni ọkọ̀ Àkúrẹ́ dé. Ọkùnrin méjì bọ́ sílẹ̀, wọ́n wọ aṣọ funfun látòkè délẹ̀, wọ́n ní aláìsàn dà. Wọ́n ní wọn ò rán àwọn wá ṣàyẹ̀wò òkú. Títí dòní, kò sẹ́ni tó lè sọ bóyá kòrónà ni.

Èmi ni wọ́n wá yẹ̀ wò, wọ́n ní kí n má jáde nínú yàrá mi ní Ìkàrẹ́. Ibẹ̀ ni mo wà tí ọmọbìnrin màmá pè mí láti Èkó. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ọpẹ́ náà sì dùn mí ju èébú lọ. Lẹ́yìn náà ló ní, “Ẹ jọ̀ọ́, kí ni wọ́n sọ kẹ́yìn?”

Mo ṣàlàyé pé èdè Ọ̀kà ni, pé mi ò gbọ́ ọ. Ó ní kí n ṣáà pè é bí mo ṣe gbọ́ ọ, òun á mọ̀ ọ́n. Mo gbìyànjú. Ó ní kí n tún un pè. Mo tún un pè, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti dàrú mọ́ mi lẹ́nu. Mò ń gbọ́ èémí rẹ̀ lórí fóònù, ó ń dúró.