Àlàájà Bá Wa Lọ sí Gálílì

Òórùn àgbọn ló jí mi láàárọ̀ Gúdù Fúráìdè ọdún náà. Bí mo ṣe ń lajú ni mo ti mọ̀ pé ó ti pẹ́ tí Mọ́mì ti wọ ilé ìdáná, pé ẹ̀wà ti rọ̀ dáadáa, ó ti lọ̀ ọ́ kúnná, ó sì ń da omi àgbọn sí i díẹ̀díẹ̀, tó ń fi ọmọrogùn rò ó. Fùréjọ̀n ni. A kì í jẹ ẹran lọ́jọ́ náà nílé wa ní Festac. Fùréjọ̀n àti ọbẹ̀ ẹja la máa ń jẹ, nítorí ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó ni ìyá tó bí Mọ́mì, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló sì ti kọ́ ọ. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà ládùúgbò yẹn, ẹ ó rántí bí òórùn náà ṣe máa ń gba ojú fèrèsé kan bọ́ sí òmíràn títí gbogbo búlọ́ọ̀kù yóò fi máa ta sánsán.

Ṣùgbọ́n lọ́dún yẹn, èmi nìkan kọ́ ló wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹsẹ̀ kékeré kan wà lórí ikùn mi. Ẹsẹ̀ Àánú ni.

Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà náà. Èmi nìkan làwọn òbí mi ní títí di nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ọdún Àjíǹde yẹn. Ó ti tó ọdún kan tí Dádì àti Mọ́mì ti ń lọ tí wọ́n ń bọ̀, lónìí wọ́n á lọ sí ọ́fíìsì ìjọba, lọ́la wọ́n á lọ sí kóòtù, lọ́jọ́ mìíràn wọ́n á lọ sí ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn ọmọ tí kò lóbìí. Wọ́n sọ fún mi pé mo máa ní àbúrò. Èmi rò pé ọmọ ọwọ́ ni wọ́n máa gbé wá, tí màá máa pọ̀n kiri. Ọmọ ọdún márùn-ún ni wọ́n mú wọlé. Ó wọ gáwùn aláwọ̀ ewé kan tó ti ṣí, ó gbá àpò ọ̀rá dúdú mọ́ àyà, ó sì kúnlẹ̀ kí gbogbo wa títí kan èmi. Orúkọ tí wọ́n ń pè é ni Àánú. Mọ́mì ní orúkọ náà dára, kò sídìí tí a ó fi pa á dà. Nígbà táwọn aládùúgbò ń wọlé wá bá wa yọ̀, ohun tí Mọ́mì ń sọ fún wọn ni pé, "Ojú méjì ló ń bímọ, igba ojú ní í wò ó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wò ó."

Àlàájà ló kọ́kọ́ bá wa wò ó. Fúláàtì ìsàlẹ̀ ló ń gbé. Ọmọ onílẹ̀ ni ní Àmùwò, ọkọ rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ obìnrin sì ti lọ sílé ọkọ. Lọ́sàn-án, ó máa ń gbé àpótí síwájú ilé, á máa ṣa ẹ̀wà tàbí kó máa já ewébẹ̀. Àánú á lọ jókòó tì í. Wọn kì í bá ara wọn sọ̀rọ̀ púpọ̀. Àlàájà á kàn ta ẹ̀wà díẹ̀ sínú àwo kan síwájú rẹ̀, òun náà á sì máa ṣà á.

Ní tèmi, inú mi ò dùn tó bí wọ́n ṣe rò. Kì í ṣe pé Àánú ṣe mí ní nǹkan kan. Ó tiẹ̀ gbọ́ràn jù. Tó bá jẹun tán, á fọ abọ́ tiẹ̀, á fọ tèmi. Tí mo bá ní kó sún lórí bẹ́ẹ̀dì, á sún títí ẹ̀yìn rẹ̀ á fi kan ògiri. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé bí mo bá ti pe Mọ́mì, ẹnìkan ti wà lórí ẹsẹ̀ Mọ́mì. Bí mo bá ní kí Dádì wá wo iṣẹ́ àmúrelé mi, Dádì ti ń kọ́ ẹnìkan ní A B D. Nígbà tí Mọ́mì lọ ra aṣọ ọdún ní Àgbójù, oríṣi kan náà ló rà fún àwa méjèèjì, aṣọ aláwọ̀ ìyeyè, ó sì ní kí télọ̀ rán an bákan náà, kó fi ríbọ́ọ̀nù ńlá sí ẹ̀yìn rẹ̀. Gbogbo ẹni tó rí i ló ń sọ pé ó dára. Mo kórìíra rẹ̀.

Ẹ mọ̀ pé Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé Àjíǹde ni Gálílì. Ìwé mímọ́ ní Jésù jíǹde, ó sì ṣáájú àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ lọ sí Gálílì, ìdí nìyẹn tí àwọn ìjọ fi máa ń kó oúnjẹ jáde lọ ṣeré lọ́jọ́ náà. Pápá ilé ìwé kan lápá Kúje, nítòsí Àmùwò níbẹ̀, ni tiwa máa ń wà. Lọ́jọ́ Sátidé, àwa méjèèjì ń to abọ́ sínú apẹ̀rẹ̀, Àánú wá bi mí pé níbo ni Gálílì tí gbogbo èèyàn ń sọ yìí wà. Mo lè sọ fún un pé kò jìnnà sílé. Mo lè sọ pé a máa fi àpò sáré níbẹ̀, a sì máa jẹ ìrẹsì. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni pé, "Ó jìnnà. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá lọ ló máa ń padà."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí abọ́ tó mú dání. Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti dé ibì kan nínú rẹ̀ tí mi ò mọ̀, àmọ́ mi ò tún un ṣe. Mò ń bá abọ́ mi lọ.

Lọ́jọ́ Àjíǹde, a wọ aṣọ ìyeyè wa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn akọrin kọrin dé góńgó, àwọn ìyá ìjọ ń gbé Àánú láti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn, ṣùgbọ́n kò rẹ́rìn-ín. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá sọ ọ́ kalẹ̀ ló ń padà lọ di ìró Mọ́mì mú. Mọ́mì rò pé ariwo ló ń bà á lẹ́rù.

Nígbà tí ilẹ̀ Mọ́ńdè mọ́, Dádì ń gbé kúlà ìrẹsì sínú bútù Pijó rẹ̀. Àwa la gba oúnjẹ àwọn ọmọ ìjọ ṣe lọ́dún náà. Mọ́mì ní kí n lọ wọṣọ fún Àánú. Kò sí ní yàrá. Gáwùn ọdún rẹ̀ wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ti ká a dáadáa. Bàtà tuntun tí wọ́n rà fún un wà lórí gáwùn, ìbọ̀sẹ̀ wà nínú bàtà. Gáwùn aláwọ̀ ewé yẹn kò sí mọ́, bẹ́ẹ̀ ni àpò ọ̀rá dúdú tó gbé wá. Gbogbo ohun tí a fún un ló fi sílẹ̀ fún wa.

Mo pe Mọ́mì. Mọ́mì ń wá a ní balùwẹ̀, ní bálíkónì, lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Dádì ti sáré dé ẹnu kúlóòsì tí ilé wa wà, ó ń bi àwọn èèyàn. Ìgbà náà la gbọ́ ohùn Àlàájà nísàlẹ̀, jẹ́jẹ́ bíi pé ó ń kí wa lásán: "Màmá Mọrẹ́nikẹ́, ọmọ yín wà lọ́dọ̀ mi o."

A bá a lórí àpótí nílé ìdáná Àlàájà, àpò ọ̀rá wà lórí itan rẹ̀. Àlàájà ṣàlàyé pé òun ò tíì pẹ́ kírun àárọ̀ tán tí Àánú fi kan ilẹ̀kùn. Ó bi òun bóyá òun náà máa lọ sí Gálílì, òun sì sọ fún un pé àwọn Mùsùlùmí kì í lọ. Ló bá bẹ òun pé kí òun jẹ́ kó máa gbé lọ́dọ̀ òun. Ó ní òun lè gbálẹ̀, òun lè fọ abọ́, òun kì í sì í jẹun púpọ̀.

Mọ́mì lóṣòó síwájú rẹ̀, ó fara balẹ̀ bi í pé kí ló dé. Àánú ń lọ́ etí àpò náà.

"Ilé tí mo wà tẹ́lẹ̀ náà, wọ́n ní a ń lọ ṣeré ni. Wọn ò mú mi padà."

Mọ́mì di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó bi í pé ta ló sọ fún un pé a ò ní mú un padà láti Gálílì. Àánú wò mí, lẹ́yìn náà ó wo ilẹ̀. Kò dárúkọ mi. Bó bá dárúkọ mi ni, bóyá ǹ bá jiyàn. Dídákẹ́ tó dákẹ́ yẹn ni mi ò lè fara dà.

Mo ní, "Èmi ni, Mọ́mì."

Mò ń retí ìgbátí. Mọ́mì kò gbọ́wọ́ sókè. "Ẹyin lohùn, Mọrẹ́nikẹ́," ó sọ ọ́ bó ṣe máa ń sọ ọ́ fún mi láti kékeré. "Ìwọ lo jẹ́ kó bọ́. Bá àbúrò ẹ sọ̀rọ̀."

Mo kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì. Mo sọ fún un pé irọ́ ni mo pa. Mo ní Kúje lásán ni Gálílì, ọdọọdún ni mo ń lọ, mi ò sì sùn síbẹ̀ rí. Mo ní owú ló ń jẹ mí. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, ojú rẹ̀ ò kúrò lára àpò. Mo wá ní kó jẹ́ kí àpò náà dúró sílé, torí ẹni tó ń padà bọ̀ kì í kó ẹrù dání. Ó tún gbá a mọ́ àyà. Mo rí i pé ọ̀rọ̀ mi ò níyì lójú rẹ̀ mọ́, mi ò sì lè bá a jà.

Àlàájà ló dìde. Ó gba àpò náà, ó gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì nínú yàrá rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn pa. Ó wá okùn kan, ó fi sí kọ́kọ́rọ́, ó sì gbé e kọ́ Àánú lọ́rùn. "Ẹrù ẹ wà nínú yàrá mi, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́rùn ẹ. Tí o ò bá padà, pálọ̀ ni màá sùn."

Àánú fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ náà. Ó bi í pé, tó bá wá sọnù ńkọ́?

Àlàájà rò ó díẹ̀. "Òótọ́ lo sọ," ló wí. "Ibi tí kọ́kọ́rọ́ mi bá ń lọ, èmi náà ń lọ ibẹ̀." Ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í wá sálúbàtà rẹ̀.

Bí Àlàájà ṣe bá wa lọ sí Gálílì nìyẹn, pẹ̀lú híjáàbù funfun rẹ̀, ó jókòó láàrin èmi àti Àánú lẹ́yìn Pijó, ìkòkò ọbẹ̀ sì wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Àwọn ìyá ìjọ kọ́kọ́ ya ẹnu, lẹ́yìn náà wọ́n fà á lọ sábẹ́ igi fúrúùtù, wọ́n fún un ní àga tó dára jù. Nígbà tí àkókò ìrun tó, ó bi wọ́n pé apá ibo ni ìlà-oòrùn wà, ó lọ kírun lẹ́yìn kíláàsì kan, ó sì padà wá bá wọn bu ìrẹsì. Àánú kọ́kọ́ ń sáré lọ fọwọ́ kan mọ́tò wa ní ìṣẹ́jú díẹ̀ síra, bóyá ó ṣì wà níbẹ̀. Nígbà tó yá, àwọn ọmọ pè é sí eré fífi àpò sáré. Wọ́n ní kó bọ́ kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀, ó kọ̀. Ó ń sáré, kọ́kọ́rọ́ ń gbá a láyà, ọwọ́ kan ló fi di àpò tó kó ẹsẹ̀ sí mú. Òun ló gbẹ́yìn. Àlàájà dìde lórí àga, ó ń pàtẹ́wọ́ bíi pé òun ló gba ipò kìíní, Àánú sì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ni mo kọ́kọ́ rí lẹ́nu rẹ̀ láti ìgbà tó ti dé ilé wa. Eyín rẹ̀ iwájú kan ti yọ, mi ò tiẹ̀ mọ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́, òun fúnra rẹ̀ ló ṣí yàrá Àlàájà. Ó gbé àpò rẹ̀ gòkè, ó kó ohun tó wà nínú rẹ̀ sínú dúrọ́ọ̀ kan tí mo ti tú sílẹ̀ fún un, ó sì ṣe àpò ọ̀rá náà ní pẹlẹbẹ, ó fún Mọ́mì pé kó máa fi kó ìdọ̀tí.

Àánú ti di olùkọ́ báyìí, ó wà ní Abẹ́òkúta pẹ̀lú ọkọ rẹ̀. Àlàájà ti lọ, Ọlọ́run kó fi ọ̀run kẹ́ ẹ. Mọ́mì ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, inú fúláàtì kan náà ló ṣì wà, ibẹ̀ la sì ti máa ń pàdé lọ́dún Àjíǹde. Lọ́dún tó kọjá, nígbà tó ku èmi àti Àánú nìkan, mo bẹ̀ ẹ́ fún ọ̀rọ̀ tí mo sọ lọ́jọ́ Sátidé yẹn. Ó wò mí, kò yé e. Ó rántí pé òun gba kọ́kọ́rọ́ àgbàlagbà tọ́jú fún odindi ọjọ́ kan. Ó rántí bí Àlàájà ṣe ń pàtẹ́wọ́. Ó ní ọ̀rọ̀ wo ni mò ń sọ?

Mọ́mì máa ń sọ pé ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Tiwa yí padà. Ẹni tí mo ṣẹ̀ ti gbàgbé, èmi ò gbàgbé.

Ọmọ ọdún mẹ́wàá yẹn rò pé Mọ́mì kò lè tó èèyàn méjì. Mo ti bí mẹ́ta báyìí, mo mọ̀ pé ìyá máa ń tó. Ṣùgbọ́n mi ò lè sọ pé mo fi bẹ́ẹ̀ sàn jù ú lọ. Ẹnu mi ṣì mú. Tí iṣẹ́ bá ti sú mi, mo ṣì máa ń sọ ohun tí yóò dun ẹlòmíràn, pàápàá ẹni tí kò lè fèsì. Ọjọ́ méjì gbáko ni ọmọ ọdún mẹ́wàá yẹn fi dákẹ́, ó dìgbà tí àbúrò rẹ̀ kó ẹrù jáde kó tó sọ òótọ́. Mò ń gbìyànjú kí n má dúró pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ mọ́.